Wọ́n Ti Ṣègbéyàwó Tán, Kí Ló Tún Kù?

Ọlidé dé, àwọn ọmọ ti wà nílé, àga iwájú tẹlifíṣọ̀n kò sì ní sinmi mọ́ títí wọn yóò fi padà sílé ìwé. Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá lónìí kì í ṣe ti bí a ó ṣe lé wọn kúrò níbẹ̀. Mo ti gbìyànjú ìyẹn nílé tèmi, apá mi kò ká a. Ọ̀rọ̀ ohun tí wọ́n jókòó tì ni.

Ọmọ ọmọ mi kan, ọmọ ọdún méje, ló dá a sílẹ̀. Èmi àti òun jọ wo Cinderella, ti àtijọ́ gan-an, èyí tí ilé-iṣẹ́ Disney gbé jáde ní 1950. Bàtà bá ẹsẹ̀ mu, wọ́n ṣègbéyàwó, ọkọ̀ ẹlẹ́ṣin gbé ọkọ àti ìyàwó lọ, ó parí. Bí mo ṣe ń wá rìmóòtù ló ní, "Màmá Àgbà, apá kejì ńkọ́?" Mo ní, "Wọ́n ti ṣègbéyàwó tán, kí ló tún kù?" Ó wò mí láti òkè délẹ̀. Ó ní, "Ẹ̀yin náà ṣáà ti ṣègbéyàwó, Màmá Àgbà, ẹ ò sì tíì parí."

Mo rẹ́rìn-ín débi pé ojú mi ń ṣomi, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà kò kúrò lọ́kàn mi. Apá kejì Cinderella wà lóòótọ́, apá kẹta náà wà. Ọ̀kan nínú méjèèjì yẹn kò yẹ kí ọmọ ènìyàn fi dátà ṣòfò lé lórí. Ìkejì wà lára àwọn tó dára jù nínú irú wọn. Bẹ́ẹ̀, àwòrán ẹ̀yìn páálí méjèèjì jọra bí ìbejì: aṣọ búlúù kan náà, ẹ̀rín kan náà. Báwo ni òbí yóò ṣe mọ èyí tí yóò mú?

Ọ̀rọ̀ apá kejì kì í ṣe àjèjì sí wa nílẹ̀ yìí. Ta ni kò tíì wo fíìmù Yorùbá tí ọ̀rọ̀ yóò ti dójú ẹ̀ gan-an, tí ìyàwó á ti la ẹnu láti jẹ́wọ́, ni wọ́n á bá kọ ọ́ gàdàgbà síta pé ká máa retí apá kejì? Tiwa, ìtàn kan ṣoṣo ni wọ́n gé sí méjì. Ẹni tó bá fẹ́ gbọ́ ìjẹ́wọ́ náà á tún lọ ra awo mìíràn. Ti àwọn kátúùnù tí mo fẹ́ sọ yìí yàtọ̀. Apá kìíní ti parí, ó parí dáadáa, ọmọdé àti àgbà sì ti fẹ́ràn rẹ̀ fún ọdún gbọọrọ. Ẹni tó bá ní òun fẹ́ ṣe apá kejì rẹ̀ ní láti sọ fún wa ohun tí òun gbàgbé síbẹ̀ tí òun fi ń padà lọ. Òṣùwọ̀n tèmi nìyẹn. Kí ni fíìmù kejì yìí fẹ́ mọ̀, tí ti àkọ́kọ́ kò bèèrè? Bí ìbéèrè bá wà níbẹ̀, ẹ jókòó tì í. Bí kò bá sí, ọjà ni wọ́n ń tà.

Ọ̀dọ̀ àwọn eku ni mo ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀. Ní 1977, Disney ṣe fíìmù kan tó ń jẹ́ The Rescuers, nípa eku méjì, Bernard onítìjú àti Bianca arẹwà, tí wọ́n lọ gba ọmọ òrukàn kan sílẹ̀ lọ́wọ́ ajínigbé. Ní 1990 ni The Rescuers Down Under tẹ̀lé e, òun sì ni wọ́n kà sí apá kejì àkọ́kọ́ tí Disney ṣe fún ilé sinimá nínú gbogbo kátúùnù gígùn wọn. Lọ́tẹ̀ yìí, Ọsirélíà ni àwọn eku náà forí lé, nítorí ọmọkùnrin kan, Cody, tó bọ́ sọ́wọ́ ọdẹ burúkú tó ń lépa ẹyẹ idì ńlá kan.

Bí ẹ kò bá ní wo ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá àkọ́kọ́ lọ, ẹ wo ìyẹn. Cody pọ́n àpáta lọ sókè, ó lọ gé okùn tí wọ́n fi mú ẹyẹ náà. Bí ẹyẹ ṣe rí i pé ara òun ti tú, ó na apá lẹ́ẹ̀kan náà, apá ọ̀hún sì gbá ọmọ náà dànù láti orí àpáta. Ọmọ ń já bọ̀, ilẹ̀ ń bọ̀ wá pàdé rẹ̀. Ni ẹyẹ bá já tẹ̀lé e bí òkò, ó gbé e sẹ́yìn, wọ́n sì jọ la ìkùukùu kọjá, wọ́n ń fò lórí odò, ìka ẹsẹ̀ ọmọ náà ń kan omi. Glen Keane ló ṣáájú àwọn tó ya ẹyẹ yẹn, mi ò sì tíì rí ẹyẹ yíyà tó wúwo bẹ́ẹ̀ tó sì tún fúyẹ́ bẹ́ẹ̀. Fíìmù yìí kan náà ni fíìmù gígùn àkọ́kọ́ tí Disney fi kọ̀ǹpútà kun gbogbo àwọ̀ rẹ̀. Ṣáájú rẹ̀, ọwọ́ làwọn òṣìṣẹ́ fi ń kun àwòrán kọ̀ọ̀kan sórí ike tó mọ́ gaara, ẹyọ kan lẹ́yìn òmíràn, ẹgbẹẹgbẹ̀rún lọ́nà ẹgbẹẹgbẹ̀rún.

Kí ló wá dé tí ẹ kò fi gbọ́ orúkọ rẹ̀ rí? Ọjọ́ tí wọ́n gbé e jáde, ọjọ́ 16 oṣù kọkànlá 1990, ni Home Alone náà jáde, fíìmù ọmọ tí àwọn òbí rẹ̀ gbàgbé sílé lásìkò Kérésìmesì. Ẹ̀yin náà mọ èyí tí ayé rọ́ lọ wò. Lẹ́yìn òpin ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, Disney dáwọ́ ìpolówó àwọn eku dúró lórí tẹlifíṣọ̀n, iṣẹ́ ọdún púpọ̀ sì wọlẹ̀ láìsí ariwo. Mi ò rò pé ẹjọ́ eku ni.

Ẹ̀kọ́ tí ilé-iṣẹ́ náà wá rí ní ọdún mẹ́rin lẹ́yìn ìgbà náà ló yí gbogbo nǹkan padà. Ní 1994, wọ́n ṣe The Return of Jafar, apá kejì Aladdin, wọn kò sì gbé e dé ilé sinimá rárá. Orí kásẹ́ẹ̀tì fídíò ló gbà tààrà lọ sílé àwọn èèyàn. Àwọn ẹ̀ka wọn tó ń ṣe eré tẹlifíṣọ̀n ni wọ́n gbé iṣẹ́ náà fún, nítorí náà owó tí wọ́n ná sí i kéré, àwòrán rẹ̀ náà sì fi hàn pé owó kéré. Síbẹ̀, ó tà ju mílíọ̀nù 10 kásẹ́ẹ̀tì lọ. Àwọn òbí ló rà á. Ta ló lè rí orúkọ Aladdin ní ṣọ́ọ̀bù kó dákẹ́ nígbà tí ọmọ ń fà á ní aṣọ? Ẹni tó bá gbọ́ ọ dáadáa á mọ̀ pé ohùn ànjọ̀nnú inú àtùpà ti yàtọ̀. Robin Williams, òṣèré tó fi ohùn rẹ̀ sọ ọ́ di ààyò nínú ti àkọ́kọ́, ti bá Disney jà. Ó ní àdéhùn òun ni pé wọn kò ní fi ohùn òun polówó ọjà, wọ́n sì fi ṣe é. Ẹlòmíràn, Dan Castellaneta, ni wọ́n wá fi dípò rẹ̀. Ìgbà tí Disney tọrọ àforíjì ní gbangba ni Williams tó padà, fún apá kẹta, Aladdin and the King of Thieves, ní 1996. Bí àwọn ọmọ yín bá fẹ́ ti Aladdin dandan, ẹ fo ìkejì kí ẹ mú ìkẹta. Nínú rẹ̀ ni Aladdin ti rí bàbá rẹ̀ tó ti sọ nù, tó sì bá a nídìí olè. Ọmọ tí bàbá rẹ̀ jẹ́ olè: ìbéèrè gidi nìyẹn.

Láti ìgbà yẹn ni àgbàrá ti ya wọlé. Títí di 2008, àwọn apá kejì àti apá kẹta tí Disney dà sórí kásẹ́ẹ̀tì àti DVD lé ní 20. Wọn kò fi Pocahontas sílẹ̀, wọn kò fi abuké Notre Dame sílẹ̀, ajá àti kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ náà kò bọ́. Ní 2006, Disney ra Pixar, ilé-iṣẹ́ tó ṣe Toy Story, wọ́n sì fi John Lasseter ti Pixar ṣe olórí iṣẹ́ kátúùnù wọn. Láìpẹ́ sí i ni wọ́n ti ilẹ̀kùn náà. Èyí tó kẹ́yìn ni ti Ariel, ọmọbìnrin inú òkun, ní 2008.

Púpọ̀ nínú wọn, ọgbọ́n kan náà ni wọ́n ta: àwọn akọni àná ti bímọ, ọmọ wọn wá ṣe ohun tí wọ́n ṣe. Ẹ wo ti Ariel tí wọ́n ṣe ní 2000. Nínú ti àkọ́kọ́, ọmọ inú òkun ló ń wù kó gbé orí ilẹ̀. Nínú èyí, ó ti bímọ, orúkọ ọmọ náà ń jẹ́ Melody, orí ilẹ̀ ló ń gbé, inú òkun ló sì ń wù ú kó lọ. Wọ́n kàn yí inú aṣọ síta ni. Àjẹ́ inú òkun ti kú nínú ti àkọ́kọ́, wọ́n wá rántí pé ó ní àbúrò, òṣèré kan náà ló sì fi ohùn sọ̀rọ̀ fún tẹ̀gbọ́n tàbúrò. Ọmọ ọdún márùn-ún lè wò ó kó gbádùn rẹ̀, kò sí ìpalára níbẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ máa jókòó tì í ni mo ń káàánú.

Apá kejì Cinderella, ti 2002, kò tiẹ̀ dé ibẹ̀ yẹn. Ìtàn kéékèèké mẹ́ta ni wọ́n rán pọ̀ bí aṣọ akísà, ó hàn gbangba pé ti tẹlifíṣọ̀n ni wọ́n. Nínú ọ̀kan, eku kan di ènìyàn, kò sì rí nǹkan gidi fi ènìyàn ọ̀hún ṣe. Ẹ gbé e jù sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Màá padà sórí ìkẹta.

Ẹ jẹ́ kí n dé ọ̀dọ̀ kìnnìún kí ẹ̀yin tí ẹ ti ń retí rẹ̀ má baà pa rédíò. Lásìkò tí àwọn ọmọ mi wà ní kékeré, mo ra awo kan lọ́wọ́ ọmọkùnrin kan tó ń kiri ọjà. Kátúùnù mẹ́jọ ni wọ́n kó sínú awo kan ṣoṣo. Ó ní The Lion King pé síbẹ̀ láti ìkíní dé ìkẹta. Mo ní irọ́ ni, kò sí ìkẹta. Ó búra. Mo rà á, mo sì rò títí dọ́dún púpọ̀ pé ọmọ yẹn kàn mọ ọjà tà ni. Òótọ́ ló sọ. Fíìmù tí wọ́n ń pè ní The Lion King 1½ ní Amẹ́ríkà, tó jáde ní 2004, ìkẹta ni wọ́n ń pè é ní àwọn ilẹ̀ mìíràn.

Ìkejì, Simba's Pride, ti 1998, ààbọ̀ ni mo fún un. Ọmọbìnrin Simba, Kiara, fẹ́ràn Kovu, ọmọ tí Zira tọ́ láti fi gbẹ̀san ikú Scar, ọ̀tá Simba nínú ti àkọ́kọ́. Bí ti àkọ́kọ́ ṣe dà bí Hamlet, èyí dà bí Romeo and Juliet, Shakespeare náà ló ni ín. Àwọn orin rẹ̀ dùn, pàápàá èyí tó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, tí Lebo M ará South Africa lọ́wọ́ nínú kíkọ rẹ̀. Zira nìkan ló ká mi lára: ìyá tí ìbínú ti jẹ́ kó gbàgbé pé ọmọ ni ọmọ, kì í ṣe idà. Nígbà tó bọ́ sẹ́nu ewu ní ìparí, Kiara na ọwọ́ sí i, kò gbà á. Mo ti rí irú ìyá bẹ́ẹ̀ rí, kì í ṣe nínú fíìmù. Ṣùgbọ́n Simba fúnra rẹ̀ ti di bàbá oníbìínú kan ṣáá, àwòrán rẹ̀ kò sì jọ ti àkọ́kọ́ nínú ẹwà.

Ìkẹta tí ọmọkùnrin yẹn búra lé ni kí ẹ wá. Kò tẹ̀ síwájú. Ó padà sẹ́yìn, ó tún sọ ìtàn àkọ́kọ́ yẹn láti ẹnu Timon àti Pumbaa, àwọn aláwàdà méjì tí wọ́n wà lẹ́bàá ọ̀nà nígbà tí àwọn ọlọ́lá ń jà du oyè. Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Ó tó ìgbà tí wọ́n gbọ́ tẹnu tàwọn tálákà. Ẹ rántí ìbẹ̀rẹ̀ The Lion King, níbi tí wọ́n ti gbé Simba ọmọ tuntun sókè, tí gbogbo ẹranko sì wólẹ̀, tí ara gbogbo wa bù máṣọ. Nínú èyí, a wá gbọ́ ìdí tí wọ́n fi wólẹ̀. Pumbaa ni èrò pọ̀ lójú rẹ̀, ló bá só. Àwọn tó wà nítòsí dákú, àwọn tó wà lẹ́yìn rò pé ìforíbalẹ̀ ló dé, ni wọ́n bá tẹ̀lé wọn. Ó kù díẹ̀ kí ọmọ ọmọ mi ti àga ṣubú. Lábẹ́ àpárá náà, ìbéèrè gidi wà: ojú wo ni àwọn tí kò sí orúkọ wọn nínú ìwé ìtàn fi wo ìtàn?

Bambi II, mo ní kí ẹ wò ó, ṣùgbọ́n ẹ má fi ọmọdé sílẹ̀ níwájú rẹ̀ lóun nìkan. Bambi jáde ní 1942, ìkejì rẹ̀ ní 2006. Ọdún 64 ló wà láàárín wọn. Ẹni tó bá wo ti àkọ́kọ́ mọ̀ pé ọdẹ yìnbọn pa ìyá ọmọ àgbọ̀nrín náà, bàbá rẹ̀ wá yọ nínú yìnyín, ó sì mú un lọ. Bí ojú ṣe pa dé, ó ti dàgbà. Kí ló ṣẹlẹ̀ láàárín? Báwo ni bàbá tí kò mọ ọmọ tọ́, tó jẹ́ ipò ọba nìkan ló mọ̀, ṣe tọ́ ọmọ tó ń ṣọ̀fọ̀? Ohun tí wọ́n gbàgbé síbẹ̀ fún ọdún 64 nìyẹn. Ibì kan wà tí Bambi gbọ́ ohùn ìyá rẹ̀ nínú igbó, tó sì sáré lọ síbẹ̀ tayọ̀tayọ̀. Fèrè ọdẹ ni. Mo ní láti dá fíìmù náà dúró níbẹ̀ kí n tó lè ṣàlàyé fún ọmọ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, èmi náà kò sì ṣàlàyé rẹ̀ dáadáa.

Kí n tó gbàgbé: ẹ̀yin òbí, ẹ mọ ìlò bọ́tìnnì ìdádúró. Gẹ̀ẹ́sì Amẹ́ríkà ni gbogbo wọn ń sọ, wọ́n sì ń sáré sọ ọ́. Ẹ dá a dúró, ẹ fi Yorùbá bi ọmọ yín pé kí ló rò pé ó máa ṣẹlẹ̀. Èyí tó máa dáhùn nígbà mìíràn á dára ju ohun tó wà nínú fíìmù lọ.

Bí ẹ kò bá ní wo ju ọ̀kan lọ ní gbogbo ọlidé yìí, Toy Story 2 ni kí ẹ wò. Ti àkọ́kọ́, ní 1995, ni fíìmù gígùn àkọ́kọ́ láyé tí wọ́n fi kọ̀ǹpútà ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Àwọn ohun ìṣeré ọmọdé ló ń sọ̀rọ̀ nínú rẹ̀: Woody, ọmọláńgidi aláṣọ tó dé akẹtẹ̀ bíi darandaran Amẹ́ríkà, àti Buzz, tó wọ aṣọ àwọn tó ń rìn lójú òfurufú. Ohun tí ìyẹn bèèrè ni pé èwo ni Andy, ọmọ tó ni wọ́n, máa fẹ́ràn jù nínú àwọn méjèèjì. Owú jíjẹ ni. Ìkejì, tó jáde ní 1999, wá bèèrè ohun tí kò sí ẹni tó fẹ́ gbọ́: Andy ń dàgbà, bó bá wá dàgbà tán ńkọ́?

Apá Woody ya. Oníṣòwò kan jí i gbé. Ó ti rí i pé ọmọláńgidi olówó iyebíye ni, ó sì fẹ́ tà á fún ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé kan ní Jàpáànù. Níbẹ̀, inú gíláàsì ni yóò wà, kò ní ya mọ́, kò ní sọ nù, ọmọdé kankan kò sì ní fọwọ́ kàn án mọ́ láé. Tàbí kó padà sọ́dọ̀ Andy, tí yóò gbá a mọ́ra, tí yóò sì fi í sílẹ̀ lọ́jọ́ kan. Èwo ni kó mú?

Ẹ ṣọ́ ibi tí wọ́n ti pe bàbá arúgbó kan láti wá tún Woody ṣe. Ó gbé àpótí irinṣẹ́ ka orí tábìlì, ó nu ojú ọmọláńgidi náà wẹ́ẹ́rẹ́wẹ́ẹ́rẹ́, ó rán apá tó ya, ó kun ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀. Ó ń ṣe é jẹ́jẹ́ bí ẹni ń wẹ ọmọ tuntun, kò fi ìkankan kánjú. Lẹ́yìn náà ló yí ẹsẹ̀ rẹ̀ sókè. Andy ti fọwọ́ ara rẹ̀ kọ orúkọ rẹ̀ sí àtẹ́lẹsẹ̀ bàtà náà, ìkọ̀wé ọmọdé wọ́gọwọ̀gọ. Bàbá náà ki bírọ́ọ̀ṣì bọ ọ̀dà, ó fà á lẹ́ẹ̀kan, ó fà á lẹ́ẹ̀kejì, orúkọ náà kò sí mọ́. Iṣẹ́ tó mọ́ tónítóní. Kò sí ohùn tó sọ fún wa pé nǹkan burúkú ṣẹlẹ̀.

Ibẹ̀ náà ni Woody ti pàdé Jessie, ọmọláńgidi obìnrin, tó ti ní ọmọ tirẹ̀ rí. Orin tí Sarah McLachlan kọ níbẹ̀, tí Randy Newman ṣe, kò gùn ju bí ìṣẹ́jú mẹ́ta lọ, inú rẹ̀ la sì ti rí i: ọmọbìnrin náà ń dàgbà, Jessie wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, eruku ń bò ó, ọjọ́ kan ọmọ náà bọwọ́ lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì ó sì mú un, inú Jessie dùn, wọ́n gbé e sínú ọkọ̀, wọ́n sì fi í sínú páálí lẹ́bàá títì fún ẹni tó bá fẹ́. Mo ti jókòó pẹ̀lú àgbà ọkùnrin tó ní òun fẹ́ lọ mu omi nígbà tó dé ibẹ̀.

Fíìmù yìí, kásẹ́ẹ̀tì lásán ni wọ́n ní kó jẹ́ tẹ́lẹ̀, bíi ti Jafar. Wọ́n ti ń ṣe é lọ nígbà tó di 1998 tí ẹnìkan tẹ àṣẹ ìpaarẹ́ síbi tí kò yẹ lórí àwọn kọ̀ǹpútà Pixar. Àwọn tó wà nídìí ẹ̀rọ ń wò ó: akẹtẹ̀ Woody pòórá, bàtà rẹ̀ tẹ̀lé e, Woody fúnra rẹ̀ lọ. Bí ìdá 90 nínú 100 iṣẹ́ náà ló parẹ́. Wọ́n ní kò sí ewu, ẹ̀dà wà níbi tí wọ́n ń kó o pamọ́ sí. Wọ́n débẹ̀, ẹ̀dà kò ṣiṣẹ́. Obìnrin kan níbẹ̀, Galyn Susman, ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ ni, ilé ló sì ti ń ṣiṣẹ́ kó lè máa tọ́jú ọmọ. Ó rántí pé ẹ̀dà fíìmù náà wà lórí kọ̀ǹpútà ilé òun. Wọ́n sáré lọ gbé e, wọ́n fi bùláńkẹ́ẹ̀tì wé e, wọ́n sì fi sẹ́yìn ọkọ̀, wọ́n ń wà á jẹ́jẹ́ bí ẹni gbé aláboyún. Ẹ̀yin tí ẹ ń sọ pé obìnrin tó bá bímọ ti fa iṣẹ́ sẹ́yìn, ẹ gbọ́ o.

Ohun tó dùn mọ́ mi jù ni pé lẹ́yìn gbogbo wàhálà yẹn, wọ́n kó ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀ dànù fúnra wọn. Lasseter wò ó, ó rí i pé ìtàn náà kò dúró, wọ́n sì tún un kọ, wọ́n tún un ṣe láàárín bí oṣù mẹ́sàn-án. Ìgbà yẹn ni wọ́n fi ohun tó ń dun Jessie sí ojúlówó àyè rẹ̀. Wọ́n sì jìyà rẹ̀. Ed Catmull, ọ̀kan nínú àwọn tó dá Pixar sílẹ̀, kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ pé àwọn òṣìṣẹ́ fi ọwọ́ àti ọrùn ọwọ́ pa níbi iṣẹ́ ọ̀hún, àti pé òṣìṣẹ́ kan tó ti rẹ̀ gbàgbé láti já ọmọ ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀ níbi ìtọ́jú ọmọ láàárọ̀. Inú ọkọ̀ ló fi í sí, nínú oòrùn. Ọmọ náà ti dákú kí wọ́n tó rí i. Wọ́n da omi sí i lára, ó sì yè. Nígbàkígbà tí mo bá ń wo fíìmù náà, ọmọ yẹn máa ń wá sí mi lọ́kàn.

Ìkẹta rẹ̀, ní 2010, pa ìtàn náà dé bó ṣe yẹ: Andy ń lọ sí yunifásítì. Ẹ wò ó. Ìkẹrin, ní 2019, rẹwà lójú, ṣùgbọ́n ilẹ̀kùn tí wọ́n ti tì ni wọ́n tún ṣí.

Ẹ̀yin tí ẹ ń tọ́ ọmọ tí ẹ kò bí, mo ní ọ̀kan fún yín. Kung Fu Panda 2, ti 2011, tí obìnrin kan, Jennifer Yuh Nelson, darí. Páńdà gbọ̀ngbọ̀nràn ni Po. Ẹyẹ kékeré kan tó jọ pẹ́pẹ́yẹ, tó ń ta núdù, ló tọ́ ọ dàgbà tó sì ń pe ara rẹ̀ ní bàbá rẹ̀. Nínú ti àkọ́kọ́, ẹ̀rín lásán nìyẹn, ẹnikẹ́ni kò bèèrè. Ìkejì ló wá jẹ́ kí Po bèèrè pé, "Ibo ni mo ti wá?" Ẹ wo ojú ẹyẹ náà nígbà tí ìbéèrè yẹn dé. Ó ti mọ̀ láti ọjọ́ kìíní pé ọjọ́ náà ń bọ̀. Inú àpótí ewébẹ̀ ló ti rí ọmọ náà, ó fún un lóúnjẹ, ó wẹ̀ ẹ́, ó sì retí ẹni tó máa wá gbà á títí ilẹ̀ fi ṣú.

Puss in Boots: The Last Wish, ti 2022, náà dára púpọ̀: ológbò tó ní ẹ̀mí mẹ́sàn-án ti lo mẹ́jọ, ikú sì ń lé e kiri ní àwòrán ìkookò tó mú dòjé méjì lọ́wọ́. Ìkookò yẹn yóò gba oorun lójú ọmọ tí kò tíì pé ọdún mẹ́jọ. Mo ti kìlọ̀ o. Ti àwọn ẹranko ayé àtijọ́, The Land Before Time, èyí tí Don Bluth darí ní 1988 nìkan ni kí ẹ wá. Mẹ́tàlá ni wọ́n ti fi tẹ̀lé e láìsí ọwọ́ rẹ̀ níbẹ̀, orin ni wọ́n sì ń kọ kiri. Moana 2, ti 2024, eré tẹlifíṣọ̀n alápá púpọ̀ ni wọ́n fẹ́ fi ṣe kí wọ́n tó sọ ọ́ di fíìmù, ó sì ṣì ń rùn ún.

Ó wá ku Cinderella III. Tààrà sórí DVD ni òun náà lọ, ní 2007, kò dé ilé sinimá. Ọdún kan ti kọjá lẹ́yìn ìgbéyàwó. Anastasia, ọ̀kan nínú àwọn ọmọ ìyàwó bàbá Cinderella, ṣe kòńgẹ́ ọ̀pá idán ìwin onínúure tó ran Cinderella lọ́wọ́ nínú ti àkọ́kọ́, ó mú un wá fún ìyá rẹ̀. Ìyá náà kò bèèrè owó, kò bèèrè ẹwà. Ó dá àkókò padà sẹ́yìn, sí àárọ̀ ọjọ́ tí wọ́n gbé bàtà gíláàsì wá wọ̀n wò, ó sì fi idán sọ bàtà di ńlá. Ó bá ẹsẹ̀ Anastasia mu. Gbogbo ohun tí ẹ ti wò nínú ti àkọ́kọ́ di òfo. Ìwin ti di òkúta, kò sí elégédé tí yóò di ọkọ̀, kò sí àrà kankan. Cinderella ní láti fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn lọ sáàfin.

Ibì kan wà tí ọba dí ọ̀nà mọ́ ọmọ rẹ̀ tó fẹ́ lọ wá Cinderella, ó ní òun kò gbà kó fi ẹsẹ̀ kan àtẹ̀gùn yẹn ju ibi tó dé lọ. Ọmọ náà gbọ́ràn. Ó gba ojú fèrèsé bẹ́ sílẹ̀.

Anastasia ló ni fíìmù náà ṣá. Ọba ti fẹ́ràn rẹ̀, ó ti fún un ní ìkarahun òkun kan tí olorì tó ti kú fẹ́ràn, nítorí ó rò pé aya gidi lọmọ òun ń fẹ́. Kò sí ẹni tó wo ọmọ náà bí ènìyàn rí títí dìgbà yẹn. Ó dé iwájú àlùfáà, ohun gbogbo tí ìyá rẹ̀ ń wá ti bọ́ sí i, ẹnu rẹ̀ nìkan ló kù tó máa là. Ó ní òun kò ṣe. Lẹ́yìn náà ló dá ìkarahun náà padà fún ọba, ó ní ẹ̀tọ́ òun kọ́.

Ọmọ ọmọ mi dákẹ́. Mo wá rìmóòtù, orúkọ àwọn tó ṣiṣẹ́ fíìmù náà ti ń kọjá lọ. Ó di ọwọ́ mi mú, ó ní, "Ẹ dúró ná, Màmá Àgbà." Mo ní ó ti parí. Ó ní rárá. A dúró. Lẹ́yìn gbogbo orúkọ yẹn ni ìyàwó bàbá àti ọmọ rẹ̀ kejì tún yọ, nínú aṣọ ìdáná tí Cinderella ń wọ̀ nígbà tó ń ṣe ẹrú wọn. Wọ́n wo ara wọn, wọ́n figbe ta. Ẹ má tètè pa á o.